PÁÀDÌ TÍ KÒ NÍ OKÙN: ÀGBÉYẸ̀WÒ ÀÁRÒ ÀTI Ẹ̀FẸ̀ NÍNÚ ÀṢÀ GÉÈMÙ ORÍ TẸLIFÍṢÀN LÁWÙJỌ YORÙBÁ

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n dàgbà láàrin nǹkan bí ọdún 1985 sí 2010 ṣe ń fi ẹ̀fẹ̀ rántí géèmù orí tẹlifíṣàn tí wọ́n ṣe nígbà èwe. Èrò wa ni pé ẹ̀rọ kọ́ ni àárò rẹ̀ ń sọ wọ́n, àwùjọ tí ó yí ẹ̀rọ náà ká ni. A tún fi hàn pé ẹ̀fẹ̀ ibẹ̀ kò ti òkè òkun bá ẹ̀rọ náà wá. Ìdí ọpọ́n ayò ni ó ti ṣẹ̀. Òfin ayò ni a fi ṣe òṣùwọ̀n láti ya ẹ̀fẹ̀ tí ń fa ènìyàn wọ inú eré sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ń tì í síta. Ní ìparí, a sọ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún olùkọ́ èdè Yorùbá.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọdé nígbà tí géèmù orí tẹlifíṣàn wọ àwọn ìlú wa ti di àgbà báyìí. Wọ́n ti di olùkọ́, nọ́ọ̀sì, oníṣòwò àti òbí. Bí méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn bá pàdé níbi ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àgbà, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi máa ń yà sí orí Super Mario, Mortal Kombat tàbí Winning Eleven, tí gbogbo wọn yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni iṣẹ́ yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Ó ṣeé ṣe kí òǹkàwé béèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá nínú géèmù. Òtítọ́ ni pé kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo nínú àwọn géèmù wọ̀nyí. Ilẹ̀ Japan àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú wọn, èdè àwọn tí ó ṣe wọ́n ni wọ́n sì ń sọ. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dé Ìgbàrà-Òkè, Àkúrẹ́ àti Oǹdó, Yorùbá ni a fi ṣe wọ́n. Yorùbá ni a fi fọ́nnu, Yorùbá ni a fi bú ẹni tí ó pàdánù, Yorùbá náà ni ẹni tí ó pàdánù fi ṣàwáwí. Ìtàkùrọ̀sọ yìí jẹ́ lítíréṣọ̀ alohùn ní ọ̀nà tirẹ̀: ó ní apohùn, ó ní òǹwòran, ó ní àsìkò àti ibi tí a ti ń ṣe é. Ohun tí ó wá burú ni pé a kò kà á sí lítíréṣọ̀ títí àsìkò rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá tán.

Orí ohun tí òǹkọ̀wé yìí gbọ́ tí ó sì rí nígbà èwe rẹ̀ ní Ìgbàrà-Òkè, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà, àti ohun tí ó ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí di òní, ni a gbé iṣẹ́ náà kà.

2.0 Àlàyé lórí àárò àti ẹ̀fẹ̀

Ní ọdún 1688, oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Switzerland, Johannes Hofer, sọ àárò ilé di orúkọ àìsàn. Ó ní òun rí i lára àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n wà lájò tí oúnjẹ kò lọ lẹ́nu wọn mọ́ nítorí ìlú wọn. Ní ọdún 2001, Svetlana Boym, ẹni tí a bí ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí ó sì ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Amẹ́ríkà, pín àárò sí oríṣi méjì. Èkínní ni èyí tí ó fẹ́ tún ilé àtijọ́ kọ́ bí ó ti rí gẹ́lẹ́. Èkejì ni èyí tí ó mọ̀ pé ilé náà ti wó, tí ó kàn ń yí ibẹ̀ ká, tí ó ń ronú, tí ó tún lè fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Boym rí i pé oríṣi kejì yìí àti ẹ̀fẹ̀ lè jọ gbé pọ̀, ṣùgbọ́n oríṣi àkọ́kọ́ kì í fẹ́ gbọ́ ẹ̀fẹ̀ sétí.

Èdè Yorùbá ní ohun tirẹ̀ láti fi kún un. Bí a bá ní 'àárò ń sọ mí', àárò ni olùwà gbólóhùn náà, ènìyàn ni àbọ̀. Àárò ni ó ń ṣe nǹkan sí wa. Bákan náà, bí a bá fẹ́ dárúkọ ohun tí àárò rẹ̀ ń sọ wá, ènìyàn àti ibùgbé ni a sábà máa ń dárúkọ: àárò ìyá, àárò ilé, àárò ọ̀rẹ́. Kò wọ́pọ̀ kí Yorùbá sọ pé àárò àga tàbí àárò ìkòkò ń sọ òun, àfi bí àga tàbí ìkòkò náà bá ti di ojú ẹnì kan fún un. Kókó yìí yóò wúlò fún wa níwájú.

Ní ti ẹ̀fẹ̀, Thomas Hobbes ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún rí ẹ̀rín gẹ́gẹ́ bí ayọ̀ òjijì tí ń gba ọkàn ẹni tí ó rí i pé òun sàn ju ẹnìkejì lọ. Immanuel Kant ti ilẹ̀ Jámánì, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ní ìgbà tí a bá ń retí ohun ńlá tí ó sì já sí òfo ni a máa ń rẹ́rìn-ín. Méjèèjì wà nínú ẹ̀fẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n Yorùbá tún fún ẹ̀fẹ̀ ní iṣẹ́. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àjọ UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ohun àjogúnbá ayé, òru Ẹ̀fẹ̀ ni a ń fi ẹnu gún ẹni tí ó ṣìwà hù láwùjọ, kí ó lè padà sípò láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀. A kì í fi ẹ̀fẹ̀ lé e kúrò nílùú. Ìyàtọ̀ tí a óò lò nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn: ẹ̀fẹ̀ ń mú ènìyàn padà, yẹ̀yẹ́ lásán ń tì í dànù.

3.0 Bí géèmù ṣe di ti àwùjọ

Ẹ̀rọ Family Computer ti ilé-iṣẹ́ Nintendo jáde ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 1983, Super Mario Bros. sì tẹ̀ lé e ní 1985. Mega Drive ti Sega dé ní 1988, PlayStation ti Sony ní òpin 1994, PlayStation 2 ní ọdún 2000. PlayStation 2 yìí ni ẹ̀rọ géèmù tí ó tà jùlọ. Ó ju mílíọ̀nù 155 lọ kí Sony tó dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2013.

Kì í ṣe bí àwọn ọdún wọ̀nyí ṣe tò ni wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP kalẹ̀ ní 1986 ni owó náírà ti ń já wálẹ̀, ohun òkèèrè sì ń wọ́n sí i. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí ó dé jẹ́ tòkunbọ̀ tàbí àfarawé, tí kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo yóò ní ọ̀pọ̀ géèmù nínú. Ilé tí ó ní ẹ̀rọ yìí kò pọ̀ ládùúgbò. Nítorí náà, bí ilé kan bá rà á, ọmọ ilé mẹ́wàá ni yóò máa wá síbẹ̀. Ibi tí kò bá sí irú ilé bẹ́ẹ̀, oníṣòwò kan yóò gba ṣọ́ọ̀bù, yóò to bẹ́ǹṣì síwájú tẹlifíṣàn méjì tàbí mẹ́ta, yóò gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ilé, yóò sì máa gba owó lórí ìdíje kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá borí yóò jókòó, ẹni tí ó pàdánù yóò dìde fún ẹlòmíràn. Bí ilé géèmù ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ó yẹ kí a sàmì sí i pé àìní ni ó bí àwùjọ yìí. Ká ní ẹ̀rọ náà pọ̀ tó ni, kálukú ì bá jókòó sí ilé bàbá rẹ̀. Ìfẹ́ àjùmọ̀ṣe nìkan kọ́ ni ó kó wa jọ. Owó kò tó ni. Ẹni tí àárò àkókò náà bá ń sọ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé èyí.

Fóònù alágbèéká dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001. Nokia 3310 gbé géèmù ejò wá sínú àpò. Ibẹ̀ ni ìyípadà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ejò náà kò fẹ́ ẹnìkejì. Ìka kan àti ojú kan ti tó o.

4.0 Ìtúpalẹ̀ ẹ̀fẹ̀ inú ilé géèmù

4.1 Ọ̀ta àti òpè

Ọpọ́n ayò ní ojú méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni òpè. Ẹnu àwọn òǹwòran kì í dákẹ́ nídìí ayò. Bí ọ̀ta ti ń jẹ ni yóò máa fi òpè ṣẹ̀fẹ̀, tí àwọn tí ó dúró yóò sì máa gbè é.

Ẹni tí ó bá wọ ilé géèmù láàrin ọdún 1998 sí 2010 yóò bá nǹkan kan náà níbẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ń sọ fún òpè pé kí ó lọ bẹ ìyá rẹ̀ wá kí òun tó gbá góòlù kẹrin wọlé. Àwọn òǹwòran ń ka góòlù náà sókè. Òpè ní tirẹ̀ yóò ní páàdì ọwọ́ òun kò dára, bọ́tìnnì rẹ̀ ti rọ̀, oòrùn ń ta sí òun lójú, ẹni tí ó dúró sẹ́yìn òun ń mí sí òun lọ́rùn. Bí wọ́n bá gba páàdì fún páàdì, tí ó tún pàdánù, yóò ní ìjókòó ni wọn kò gbà. Nígbà tí ó bá wá kù díẹ̀ kí òpè yìí borí fún ìgbà àkọ́kọ́, NEPA yóò mú iná lọ. Ẹ̀rín ibẹ̀ bá àlàyé Kant mu rẹ́gí: ìrètí ńlá já sí òfo. Ṣùgbọ́n ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé gbogbo ilé ni NEPA mú iná lọ mọ́ lọ́wọ́. Ọ̀ta àti òpè jọ wà nínú òkùnkùn kan náà. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à ń fi í rín.

Ẹ̀rí mìíràn wà nínú èdè. Nígbà tí àwọn asọ̀ròyìn eré ìdárayá lórí rédíò Yorùbá bá fẹ́ sọ iye góòlù, ayò ni wọ́n ń pè é: ayò méjì sí ẹyọ kan. Orúkọ ọpọ́n ti bọ́ sórí pápá, láti orí pápá ni ó sì ti bọ́ sójú tẹlifíṣàn. Ẹni tí ó bá ní géèmù lé ayò lọ kò fetí sí èdè ara rẹ̀ dáadáa.

4.2 Àlàjẹ́ àti ìgbọ́kúgbọ̀ọ́

Winning Eleven, géèmù bọ́ọ̀lù ilé-iṣẹ́ Konami tí a mọ̀ sí Pro Evolution Soccer lẹ́yìn náà, kò ní àṣẹ láti lo orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Chelsea di London FC, Liverpool di Merseyside Red. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tí kò sí láyé rárá, bíi Castolo, sì ń gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ mìíràn, àbùkù ni èyí. Lọ́dọ̀ wa, kò ṣe àjèjì, nítorí pé ìyàwó ilé Yorùbá kì í pe àwọn ọmọ ọkọ rẹ̀ ní orúkọ wọn. Àlàjẹ́ ni ó ń fún wọn. A gba London FC bí àlàjẹ́, a sì fi tiwa kún un. Nínú ẹ̀dà ti ọdún 2006, agbára ìgbábọ́ọ̀lù Adriano, ọmọ Brazil tí ó wà ní Inter Milan, jẹ́ 99. Ẹni tí ó bá ti mú Inter nítorí rẹ̀, oríkì ojo ni yóò gbọ́ títí yóò fi dìde.

Ti Street Fighter II, tí Capcom gbé jáde ní 1991, tún dùn jù. Bí jagunjagun tí ń jẹ́ Ryu bá fẹ́ ju iná, yóò pariwo ọ̀rọ̀ Japan kan, 'Hadouken'. Ní etí àwa ọmọ Ìgbàrà-Òkè, 'Àdùkẹ́' ni ó ń pè. Àdùkẹ́ ni oríkì ọmọbìnrin tí gbogbo ẹbí dù láti kẹ́; ọ̀rọ̀ ìkẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Ọkùnrin onígbàǹjà kan ń pe oríkì ọmọbìnrin kí ó tó ju iná! Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń wá àpẹẹrẹ bí ohun méjì tí kò bára tan ṣe ń bí ẹ̀rín, ó wà níbẹ̀ yẹn. Ìgbọ́kúgbọ̀ọ́ yìí kì í ṣe àìmọ̀kan lásán. Ohun tí etí ń ṣe ni kí ó fi èdè tí ó mọ̀ kí àlejò káàbọ̀.

4.3 Ẹ̀yìn tẹlifíṣàn

Ẹ̀fẹ̀ kẹta ni ti òbí. Kò sí ẹni ọgbọ̀n ọdún sókè tí kò mọ̀ ọ́n: bàbá tàbí ìyá dé láti ibi iṣẹ́, ọmọ ti sáré pa ẹ̀rọ, ó ti ṣí ìwé síwájú, òbí náà kò wí nǹkan kan, ó lọ fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn tẹlifíṣàn. Bí ibẹ̀ bá gbóná, ẹjọ́ parí. Àwọn kan ń lo fáànù tàbí aṣọ tútù láti mú un tutù. Àwọn kan ń fi ọmọ kékeré ṣọ́ ojú ọ̀nà.

Bí a bá ń sọ ọ́ lónìí, ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ já ni a fi ń rẹ́rìn-ín, pàṣán tí ó tẹ̀ lé e kì í sì í pẹ́ nínú ìtàn. Níbí ni iṣẹ́ lámèyítọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ti bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Nígbà mìíràn ohun tí ó bò kéré, nígbà mìíràn ó tóbi. Bí a kò bá ṣí i wò, a kò ní mọ èyí tí ó jẹ́.

5.0 Páàdì tí kò ní okùn

Èyí tí wọ́n ń sọ jù, tí ó sì ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù, ni ti ọmọ kékeré tí ó ń sunkún pé òun náà fẹ́ ṣe. Àwọn ẹ̀gbọ́n yóò yọ okùn páàdì kejì kúrò lára ẹ̀rọ, wọn yóò ti orí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní, wọn yóò sì gbé páàdì náà lé e lọ́wọ́. Ọmọ náà yóò máa tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀gbọ́n ń gbá a, òun rò pé òun ni. Bí góòlù bá wọlé, yóò fò sókè.

Òǹkọ̀wé yìí ṣe é fún àbúrò rẹ̀. Kò sí ìgbà tí ẹbí wa péjọ tí a kì í sọ ọ́, òun náà sì máa ń bá wa rẹ́rìn-ín. Ní ìgbà kan ni mo bi í léèrè ìgbà tí ó fura. Ó ní ní ọjọ́ kejì ni. Ó ní òun fi ọwọ́ tẹ̀ lé okùn náà lábẹ́ ẹní títí òun fi dé òpin rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ̀rọ̀. Ó ní bí òun bá sọ pé òun ti mọ̀, ẹ ó ní kí òun bọ́ síta.

Ìdáhùn yìí ni ó bí iṣẹ́ yìí. Ó fi ìdí ohun tí a sọ ṣáájú múlẹ̀: ọmọ náà kò wá géèmù. Ó ti mọ̀ pé òun kò ṣe géèmù kankan. Ibi ìjókòó ni ó wá. Kò yàtọ̀ sí àwa tí okùn tiwa wà lára ẹ̀rọ, nítorí pé bí a bá ń rántí lónìí, a kì í rántí àwòrán ojú tẹlifíṣàn tó bẹ́ẹ̀. Ejìká ẹni tí ó jókòó tì wá ni à ń rántí. Àárò ń sọ wá nítorí ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí èdè wa ti wí.

Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà tún dá wa lẹ́bi. Nínú òfin ayò, bí ẹni tí a ń bá ta kò bá ní ọmọ ayò kankan mọ́ lójú ìhà tirẹ̀, ẹni kejì kò gbọ́dọ̀ jókòó máa wò ó. Bí ó bá ní èyí tí ó lè ta tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀ranyàn ni kí ó ta á, kí olúwarẹ̀ lè rí nǹkan ta. Ọ̀ta lè fi òpè ṣẹ̀fẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Kò gbọ́dọ̀ fi ebi ayò pa á bí ọ̀nà bá wà. Nítorí òfin yìí ni ẹ̀fẹ̀ ìdí ayò kò fi di ìkà. Èébú náà le, ṣùgbọ́n ẹni tí a bú ṣì wà nínú eré, ọ̀la lè jẹ́ tirẹ̀. Páàdì tí kò ní okùn yí èyí po. Kò sí ẹni tí ó bú ọmọ náà. A yìn ín, a pàtẹ́wọ́ fún un, a sì mú un kúrò nínú eré láìjẹ́ kí ó mọ̀. Òṣùwọ̀n tí a fi ń díwọ̀n ẹ̀fẹ̀ nìyí: kì í ṣe bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti mú tó, bí kò ṣe bóyá ọmọ ayò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a fi ṣẹ̀fẹ̀.

6.0 Ohun tí àárò kì í sọ

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wo ìrántí wa, a óò rí àwọn mìíràn tí okùn wọn kò dé ara ẹ̀rọ. Àwọn ọmọbìnrin kò sí lórí bẹ́ǹṣì. Ìdí omi, ìdí àrò àti ìdí ọjà ni wọ́n wà nígbà tí a ń ka góòlù. Ọmọ tí kò ní owó ìdíje kan ń dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú. Owó ilé-ìwé tí ó bá ilé géèmù lọ kò kéré, ìdíje mìíràn sì ti di tẹ́tẹ́. Ẹni tí ó bá ní ìgbà yẹn dára jù, tí ó fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ padà bọ̀ sípò, oríṣi àárò tí Boym kọ́kọ́ dárúkọ ni ó ń ṣe é.

Àwọn oníṣòwò mọ àárò yìí, wọ́n sì ń tà á. Nintendo tún gbé àpẹẹrẹ kékeré ẹ̀rọ àtijọ́ rẹ̀ jáde ní 2016. Nokia 3310 tuntun dé ní 2017, tòun ti ejò inú rẹ̀. Sony tẹ̀ lé e pẹ̀lú PlayStation Classic ní 2018. Ẹni tí ó bá ra ọ̀kan nínú wọn yóò rí ẹ̀rọ náà gbà. Kò ní rí bẹ́ǹṣì. Àwọn orúkọ tí a ń fi búra pàápàá ti lọ: Pro Evolution Soccer di eFootball ní 2021, géèmù FIFA di EA Sports FC ní 2023. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ṣe géèmù lórí fóònù báyìí pẹ̀lú ẹni tí wọn kò rí, tí kò sì gbọ́ Yorùbá.

Àwọn ọmọ wa kan ti gbìyànjú láti fi okùn tiwa sí ara ẹ̀rọ. Ní ọdún 2012 ni Hugo Obi dá Maliyo Games sílẹ̀ ní Èkó. Ọ̀kan lára géèmù àkọ́kọ́ wọn ni Okada Ride, tí ọlọ́kadà jẹ́ akọni inú rẹ̀. Ní ọdún 2012 kan náà ni òfin ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó lé ọlọ́kadà kúrò ní ọ̀pọ̀ òpópónà. Ohun tí òfin lé lójú títì ń sáré nínú géèmù. Ẹ̀fẹ̀ Yorùbá gan-an nìyẹn. Èyí fi hàn pé ẹ̀fẹ̀ wa lè wọ inú géèmù fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹnu àwọn tí ó yí i ká nìkan. Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá ṣì wọ́n níbẹ̀, iṣẹ́ yìí sì dúró de àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé àárò géèmù láwùjọ wa jẹ́ àárò ènìyàn, àti pé ẹ̀fẹ̀ ayò ni ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ ilé géèmù. A tún ti sọ pé ẹ̀fẹ̀ tí ó bá yọ okùn ẹnìkejì kò yẹ ní ohun tí a ó kàn rẹ́rìn-ín sí kí a sì kọjá.

Fún ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkínní, ẹ lè lo ìtàkùrọ̀sọ yìí nínú kíláàsì. Ẹ ní kí àwọn ọmọ kó àwáwí, àlàjẹ́ àti èébú eré tí wọ́n ń lò jọ, kí wọ́n sì fi wé ti ìdí ayò tí bàbá àgbà wọn mọ̀. Bí wọ́n bá ti rí i pé ohun tí wọ́n ń sọ lójoojúmọ́ ní ìran àti ìtàn, ọwọ́ tí wọn yóò fi mú èdè náà yóò yàtọ̀.

Èkejì wúwo jù. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifásitì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àbájáde rẹ̀ sì fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò fi Gẹ̀ẹ́sì gbà fún ẹgbẹ́ wọn. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà yìí. Ní oṣù kọkànlá 2025, ìjọba fagi lé e. Èyí kò dá olùkọ́ sílẹ̀. Ọmọ kan yóò jókòó níwájú yín, yóò máa tún gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì pè tẹ̀ lé yín, yóò máa da ojú pátákó kọ, ẹ óò sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí páàdì ọwọ́ rẹ̀ má ní okùn, kí òun náà sì ti mọ̀ láti ọjọ́ kejì, kí ó kàn dákẹ́ nítorí ibi ìjókòó. Ẹ ta ọmọ ayò sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.